Bí a ṣe ń múra sílẹ̀ kí omi dáàmù Ọ̀yán tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Májídùn, ẹ̀yin ará Àjégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, ẹ̀yin ará Ìtòwòlò àti gbogbo ẹni tílé ẹ̀ ò jìnnà sódò Ògùn, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá o. Tó bá ti di September báyìí la máa ń gbọ́ pé wọ́n ti ṣí dáàmù, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí wa, àwọn kan á ní ṣe ni ìjọba fẹ́ fomi lé wa kúrò. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣí i, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ò ní fi ìkìlọ̀ ṣeré.

Dáàmù Ọ̀yán wà lápá Abẹ́òkúta, lórí odò Ọ̀yán tó ń ṣàn wọnú odò Ògùn. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i, ó gùn ju kìlómítà kan lọ, ó sì lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Torí omi ẹ̀rọ Èkó àti Abẹ́òkúta, omi oko àti iná mànàmáná ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹ̀rọ iná mẹ́ta ni wọ́n tiẹ̀ gbé síbẹ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó láìṣiṣẹ́, ó dùn mí gan-an ni. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó le gbagidi ló pọ̀ jù lára ẹ̀, yẹ̀pẹ̀ ò sì fẹ́ kómi gba orí òun kọjá rárá. Tómi bá kún débẹ̀ tó ń dà sẹ́yìn, á máa bu yẹ̀pẹ̀ yẹn lọ díẹ̀díẹ̀, ibi tó bù yẹn á máa fẹ̀ sí i títí gbogbo ẹ̀ á fi ya. Ẹ rántí dáàmù Alau tó já ní September 2024, ẹ wo ohun tójú àwọn ará Maiduguri rí. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣí géètì kó tó kún jù. Omi tí wọ́n tú sílẹ̀ á wá dọ́dọ̀ wa, tó bá sì pàdé ọ̀sà tó ti kún, kò níbi tó máa gbà mọ́, àdúgbò wa ló máa dúró sí, bí òjò ò tiẹ̀ rọ̀ ní Ìkòròdú lọ́jọ́ yẹn.

Nǹkan tá a máa ṣe nìyí. Látìgbà August, ẹ wo ara ògiri yín, omi tó wọlé rí máa ń fi ìlà rúsúrúsú sílẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà míì tó ga ju ìyẹn lọ ní ìwọ̀n apá kan, gbogbo ohun tí ẹ ò fẹ́ kó bàjẹ́, òkè ìlà yẹn ni kó wà: fìríìjì, bẹ́ẹ̀dì, àpò ìrẹsì, jẹnẹrétọ̀. Sátífíkéètì, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ilé ìwòsàn, inú náílọ̀n méjì ni kí ẹ so wọ́n sí, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn sórí fóònù.

Gọ́tà iwájú ilé, ẹ kó o. Ẹ má dúró de káńsù.

Tó bá kan àpò iyanrìn, ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fowó ṣòfò. Ẹ má rọ iyanrìn kún àpò dẹ́nu, kó kún ju ìdajì lọ díẹ̀ ló dáa, torí èyí tó kún bámúbámú á le gbandi, àlàfo á wà láàárín òun àtèkejì, ibẹ̀ lomi máa gbà wọlé. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ náílọ̀n sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá to àpò lé e, kí ẹnu ẹ̀ ká sábẹ́, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ti òkè gùn oríkèé méjì ti ìsàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù. Kò ní dá gbogbo omi dúró o, àmọ́ á jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè kẹ́rù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde, ẹ pa iná láti ibi mítà kómi tó wọlé. Tómi bá ti wà nílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan mítà yẹn mọ́ láé. Àwọn ọmọdé, àwọn àgbàlagbà àtẹni tára ẹ̀ ò yá, àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó lọ sọ́dọ̀ ẹbí tó wà lórí òkè, ẹ má dúró dòru. Ẹ fi 767 àti 112, nọ́ńbà tá a fi ń pe ìjọba fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, sórí fóònù gbogbo ará ilé, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má sì wọ́ inú omi tó ń ṣàn, bó ti wù kó kéré mọ, kì í pẹ́ gbé èèyàn lẹ́sẹ̀, ẹ ò sì lè rí gọ́tà tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀.

Tómi bá lọ tán, ẹ wọ bàtà òjò kẹ́ ẹ tó wọlé torí ejò àti ìgò fífọ́. Kí oníṣẹ́ iná yẹ wáyà wò kẹ́ ẹ tó tan ohunkóhun. Omi kànga yín ti bá ti ṣaláńgá pò, ẹ má mu ún, ẹ má fi fọ ẹnu, kọ́lẹ́rà ni. Ẹ fa omi inú ẹ̀ dànù, ẹ ní káwọn oníṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ fi kílóríìnì sí i bó ṣe yẹ, títí dìgbà yẹn, omi tó hó dáadáa nìkan ni kẹ́ ẹ máa fún àwọn ọmọ.