Bí Píjò 504 kò ṣe ní hó lórí òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Ọdún 1968 ni Píjò 504 jáde nílẹ̀ Faransé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975. Èyí tó bá ṣì ń kó èrò ní Iléṣà lónìí ti dàgbà, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára. Ooru ló máa ń pa á, pàápàá tó bá kún fún èrò àti ẹrù, tó ń rọra gun òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ẹfọ̀n-Alààyè. Ọkọ̀ ò sáré níbẹ̀, atẹ́gùn iwájú ò tó. Fáànù nìkan ni rédíétọ̀ gbójú lé.

Fáànù yìí kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́. Tí omi bá gbóná, mágínẹ́ẹ̀tì oníná á dì í mọ́ púlì, ìyẹn àgbá kékeré tí bẹ́líìtì ń yí. Tó bá tutù, á tú u sílẹ̀. Ara búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan ni iná ń gbà wọ mágínẹ́ẹ̀tì. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá jẹ tán, tàbí ọ́ìlì dà sójú ibi tó ń kàn, fáànù á kàn máa yí jẹ́jẹ́, kò ní fa atẹ́gùn.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ tú wáyà búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi wáyà tó ní fíúsì fa iná wá sí i láti orí pọ́sítíìfù bátìrì. Ẹ máa gbọ́ "kó!", fáànù á sì le lọ́wọ́, á máa fa bẹ́líìtì. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, súwíìṣì ara rédíétọ̀ tó ń tan mágínẹ́ẹ̀tì tí omi bá gbóná, àti wáyà rẹ̀, ló kù láti yẹ̀ wò. Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ yọ búrọ́ọ̀ṣì wò, ẹ fi sáńpépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu ojú ibi tó ń kàn. Tó bá dún ṣùgbọ́n tó ń yọ̀, àlàfo tó wà láàárín mágínẹ́ẹ̀tì àti fáànù ti fẹ̀ jù: nǹkan bíi 0.35 mm ló yẹ kó jẹ́, ibi mẹ́ta yípo ni kí ẹ ti fi fílà gééjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, wọ̀n ọ́n.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń de fáànù pa kó lè máa yí nígbà gbogbo. Ìyẹn dára láti fi délé. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa jẹ epo lásán.

Ẹ má yọ tàmósítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi tó bá gbóná, sọnù. Ẹ sè é nínú omi: kó tó hó, ó yẹ kó ti ṣí. Ẹ yẹra fún omi kànga, torí alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì, ó máa ń jẹrà. Kúláǹtì ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá ń rọ ọ́, ẹ ṣí bóòtù afẹ́fẹ́ òkè títí omi tí kò ní ìfófó á fi jáde.

Tó bá ti hó, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ má sì da omi tútù sí i; orí ẹ́ńjìnnì lè wọ́. Ẹ dúró kó tutù dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ wo ọ́ìlì: tó bá funfun bí ògì, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti bulọ́ọ̀kù ti jó. Mẹkáníìkì tó bá sì máa ṣí orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi páànù irin de àwọn sílíìfù, ìyẹn àwọn ihò irin tí písítìn ń rìn nínú wọn, mọ́lẹ̀ kó tó yí ẹ́ńjìnnì rárá, nítorí wọn ò lẹ̀ mọ́ bulọ́ọ̀kù. Tí wọ́n bá gbéra díẹ̀, ìdí wọn á máa jo omi sínú ọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ò sì ní lè dá a dúró.