Kókó tí kò dunni: bí ẹ ṣe lè tètè mú jẹjẹrẹ ọmú ní Kétu

Kókó kan yọ sí ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ́mú nígbà tí a ń kórè àgbàdo. Kò ju ẹyọ ẹ̀pà lọ. Kò dùn ún, ló bá dákẹ́, ó ń ta gàrí rẹ̀ lọ lọ́jà. Ìgbà tó fi máa fi hàn wá, awọ orí rẹ̀ ti rí gátagàta bí èèpo ọsàn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àbúrò mi, kókó tí kò dunni yẹn gan-an ni kí ẹ má fojú di.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọmú yín. Bí nǹkan oṣù bá ti lọ tán, ẹ dúró síwájú dígí, ẹ gbé apá méjèèjì sókè. Ṣé ibì kan tẹ̀ wọnú? Ṣé orí ọmú kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀? Lẹ́yìn náà, tí ẹ bá ń wẹ̀, ẹ fi ìka mẹ́ta tó lọ́ṣẹ rọra tẹ̀ ẹ́ yíká, láti abẹ́ egungun ọrùn dé inú abíyá. Àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró lè mú ọjọ́ kan lóṣù. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kò lè sọ ọ́.

Bí ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, ẹ fi hàn án, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ sì gba ìwé tí ẹ máa mú lọ sí ọsibítù ńlá ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu.

Níbẹ̀, dókítà á fọwọ́ kàn án, wọ́n á ya fọ́tò inú ọmú, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹran yìí ló ń sọ òótọ́. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n tún máa wò ó bóyá ohun tó ń bọ́ jẹjẹrẹ náà ni họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tí ara obìnrin ń pèsè fúnra rẹ̀, torí irú èyí nìkan ni tamoxifen, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ fún ọdún 5 ó kéré tán, ń ràn lọ́wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí gbogbo àyẹ̀wò parí láàárín ọjọ́ 60 tí obìnrin bá ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn. Ẹ fi káléńdà ka ọjọ́ náà.

Owó ńkọ́? Òun ló ń dá àwọn ará oko dúró jù, ó sì ń dùn mí. Ẹ bèèrè iye kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ọ́fíìsì tó ń ran aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́ nínú ọsibítù kí ẹ tó ta aṣọ yín. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ àjọ yín. Ẹ mú ẹnì kan dání tó máa gbọ́ ohun tí dókítà sọ.

Gbogbo ìwé, ẹ kó o sínú láílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún èsì bá kọjá, ẹ má jókòó sílé dè é. Ẹ gbé láílọ́ọ̀nù yẹn, kí ẹ padà lọ bèèrè.