Kí O Tó Fi Sáà Ẹ̀kọ́ Kan Ṣiṣẹ́ ní Ọgbà Disney

Iṣẹ́ owó wákàtí ni Disney College Program. Ọgbà ìgbafẹ́ Walt Disney World, lẹ́bàá Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida, ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ti pé ọmọ ọdún 18 fún oṣù mélòó kan. Wọ́n á yá a ní aṣọ iṣẹ́, wọ́n á fi sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sì máa san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọgbà ńlá 4 ló wà níbẹ̀: Magic Kingdom, EPCOT, Hollywood Studios àti Animal Kingdom. Ọgbà omi 2 tún wà, àti òtẹ́ẹ̀lì tó lé ní 20. Gbogbo wọn ló nílò ẹni tí yóò gbálẹ̀, tí yóò din ọ̀dùnkún, tí yóò ti irin ààbò mọ́ èrò lára, tí yóò sì tún máa rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń ro ó. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun lọ, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn níbi tí kò ti sí Mickey Mouse. Bí kò bá lè ṣe é, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́ta. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí sáà ẹ̀kọ́ kan máa ná an.

Ilé ìwé ni kí o kọ́kọ́ yanjú

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù. Ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ lọ. Bèèrè bóyá iṣẹ́ náà yóò fún ọ ní kírẹ́dìtì kankan, nítorí ilé ìwé rẹ ló ń pinnu ìyẹn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ímeèlì: iye kírẹ́dìtì, orúkọ kọ́ọ̀sì tí yóò dúró fún, àti ìwé tí o gbọ́dọ̀ mú padà wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà ń bàjẹ́ ni pé olùkọ́ kan á fẹnu lásán gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá padà dé, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kò ní rí nǹkan kan nínú ìwé wọn.

Lẹ́yìn náà, ya àwọn kọ́ọ̀sì tó kù fún ọ sórí bébà, sáà kan tẹ̀lé òmíràn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ní kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún, èyí tó tẹ̀lé e kò sì ṣeé mú láìkọ́kọ́ ṣe é. Bí o bá wà ní Florida nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ọdún kan gbáko lo pàdánù. Èyí nìkan ti tó láti sọ fún ẹnì kan pé kó dúró di ọdún tó ń bọ̀, tàbí kó lọ lẹ́yìn tó bá gboyè tán, nítorí ètò náà ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde pẹ̀lú.

Bí o bá ń lo owó ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fara balẹ̀ dáadáa níbí. Ní ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ bá ti kéré sí ìdajì, oṣù ìdẹ̀ra 6 tí wọ́n ń fúnni kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í san Direct Loan, ìyẹn ẹ̀yáwó ìjọba náà, ti ń kà nìyẹn. Bí o bá padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ kí oṣù 6 náà tó pé, yóò tún padà sí oṣù 6 fún ọ. Bí ó bá pé, sísan bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n á dá sísan náà dúró nígbà tí o bá wọlé ẹ̀kọ́ padà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgboyè, kò ní sí oṣù ìdẹ̀ra kankan fún ẹ̀yáwó yẹn mọ́. Ètò oṣù 4 kò fa wàhálà lórí èyí. Ti oṣù 7 lè fà á. Àwọn kan máa ń mú kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n má bàa já sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìdajì, èyí tó sábà ń jẹ́ kírẹ́dìtì 6 fún ẹni tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹni tó bá kúrò níbi iṣẹ́ ní aago 1 òru kì í fi bẹ́ẹ̀ ní agbára láti kọ àròkọ.

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. O kò lè kàn fi sáà kan sílẹ̀ kí o lọ ṣiṣẹ́. CPT, àṣẹ láti ṣiṣẹ́ tó jẹ́ ara ẹ̀kọ́, ló sábà ń jẹ́ ọ̀nà, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ara ohun tí o ń kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òtẹ́ẹ̀lì lè rí i ṣàlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kò ní rọrùn fún. O gbọ́dọ̀ ti lo ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko kí o tó lè bèèrè rẹ̀, àfi tí ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ tí o ń ṣe bá fi dandan lé iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣẹ náà sì gbọ́dọ̀ hàn lórí I-20 rẹ, ìwé tí ilé ìwé fún ọ fún físà, kí ọjọ́ àkọ́kọ́ iṣẹ́ tó pé. CPT alákòókò kíkún tó bá pé oṣù 12 máa ń gbé OPT, àṣẹ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà ń lò lẹ́yìn ìgboyè, lọ pátápátá ní ìpele oyè yẹn. Lọ bá ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kí o sì tún bèèrè lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ Disney fúnra wọn bóyá wọ́n gba irú àṣẹ tìrẹ, nítorí pé bí ilé ìwé bá gbà, kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbà. Ẹni tí ilé ìwé rẹ̀ wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà kì í gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé. Físà J-1 ti Summer Work Travel, ètò iṣẹ́ ìgbà ìsinmi, ni ọ̀pọ̀ irú wọn ń lò, kì í sì í ju oṣù 4 lọ.

Ṣírò owó pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ tó burú jù

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ènìyàn á fi wákàtí 40 ṣe ìṣirò. Wákàtí a máa pọ̀ lásìkò Kérésìmesì àti ọdún tuntun, àti ìgbà ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé ní March àti April. Ní September, nígbà tí àwọn ọmọdé ti wọlé ẹ̀kọ́, ọgbà a máa dá, wákàtí á sì dínkù. Nítorí náà, wákàtí 30 ni kí o fi ṣírò.

Ká mú owó $15 ní wákàtí kan bí àpẹẹrẹ. Iye tó bá wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tìrẹ ni kí o fi rọ́pò rẹ̀. Wákàtí 30 jẹ́ $450. Owó Social Security àti Medicare (ti ìfẹ̀yìntì àti ìlera àgbàlagbà), tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò mú $34 àti díẹ̀ lọ. Owó orí ìjọba àpapọ̀ yóò mú bíi $15 fún ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó. Florida kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó iṣẹ́. Ó ku bíi $400. Wàyí o, ilé. Bí o bá gbé ní ilé ètò náà, inú owó ọ̀sẹ̀ rẹ ni wọ́n ti ń yọ owó ilé kó tó dé ọwọ́ rẹ. Ká ní $200 ni, $200 ló kù fún oúnjẹ, fóònù, ọṣẹ àti bàtà. Ní wákàtí 40, iye tó máa kù lẹ́yìn owó orí àti ilé á sún mọ́ $320. Wákàtí 10 yẹn ló ya ẹni tó ń fi owó pamọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń pe ilé pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́.

Ohun mẹ́ta kì í sí nínú ìṣirò àwọn ènìyàn. Àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí o bá dé: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í kún ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ilé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Mú owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dání, yàtọ̀ sí owó ìrìn àjò àti iye tí wọ́n bá ní kí o san nígbà tí o gba iṣẹ́. Èkejì ni ìjì líle. Láti ọjọ́ kìíní June títí dé ọjọ́ 30 November ni ìgbà rẹ̀ ní Florida. Ní October 2024, ìjì Milton mú kí gbogbo ọgbà Disney níbẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ṣíìfìtì tó bá bọ́ lọ báyìí lè kán ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ̀kẹta ni pé ìpínlẹ̀ tí o ti wá lè gba owó orí lórí owó tí o rí ní Florida, bí o bá ṣì jẹ́ olùgbé ibẹ̀ lójú òfin.

Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, bí àpapọ̀ owó rẹ lọ́dún yẹn bá kéré, púpọ̀ nínú owó orí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n yọ lè padà sọ́wọ́ rẹ nígbà tí o bá kọ ìwé owó orí. Tọ́jú W-2 rẹ, ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ iye tó san fún ọ àti owó orí tó yọ, kí o sì rí i pé àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ ibi tí o máa wà ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀lé e.

Iṣẹ́ wo ni wọn máa fún ọ?

O lè sọ èyí tí o fẹ́, àmọ́ àwọn ni wọ́n ń yàn. Òfin tó dára ni kí o fojú inú wo iṣẹ́ tí o kò fẹ́ jù nínú àwọn tí o ní o lè ṣe, kí o sì bi ara rẹ bóyá o ṣì máa lọ bó bá jẹ́ òun ni wọ́n fún ọ. Èyí tí o kò bá lè fara dà, má ṣe fi àmì sí i rárá nítorí kí fọ́ọ̀mù lè dára lójú wọn.

Ilé oúnjẹ kíákíá ń gba ènìyàn púpọ̀, ó sì le: epo gbígbóná, ẹ̀rọ owó, àti fífọ ibi ìdáná lẹ́yìn tí àlejò ti lọ. Títún yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe ń dun ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ojúmọmọ ni a sábà ń ṣe é. Ẹni tó ń bójú tó ohun ìgùn ìṣeré á há ọ̀rọ̀ sórí, á yẹ irin ààbò wò léraléra, á sì máa sọ fún òbí tó ń bínú pé ọmọ wọn kò tíì ga tó. Ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní ìdánwò lílúwẹ̀ẹ́ tí yóò yege. Ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ àwọn ẹ̀dá eré gbọ́dọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò eré lójú wọn, gíga ara rẹ̀ sì ń pinnu ẹni tó lè wọ̀. Ooru inú aṣọ yẹn kì í ṣe kékeré. Èyí tí àwọn ènìyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ni gbígbálẹ̀ ọgbà, bẹ́ẹ̀ a rò pé ó wà lára èyí tó dára jù: o ń rìn, o kò dúró sójú kan, àlejò ń bá ọ sọ̀rọ̀ láìbínú, kò sì sí ìlà gígùn kankan níwájú rẹ.

Èyíkéyìí tí o bá gbà, bàtà tìrẹ ni ìwọ yóò rà. Ra dúdú tí kò ń yọ̀, kí o sì wọ̀ ọ́ nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó lọ. Bàtà tuntun pẹ̀lú ṣíìfìtì wákàtí 8 lórí kọnkéré ló ń bó ẹsẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Ilé, àti ewu tó wà nínú rẹ̀

Flamingo Crossings Village ni ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Yàrá àdágbé àti yàrá àjọgbé wà níbẹ̀, àdágbé sì wọ́n jù. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà mọ́tò kì í ṣe dandan, àmọ́ ka ìrìn bọ́ọ̀sì mọ́ àkókò iṣẹ́ rẹ: kò sí ẹni tó ń sanwó fún ìdúró. Kì í ṣe dandan kí o gbé níbẹ̀. Bí o bá ní ìbátan ní Orlando tó ní yàrá, tí ìwọ náà sì ní mọ́tò, ṣírò méjèèjì.

Ohun tó yẹ kí o mọ̀ kí o tó fọwọ́ sí i ni pé ilé náà so mọ́ iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ilé bọ́, ó sì lè jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ àti àìwá láìsọ a máa di àmì ìjìyà, àmì a sì máa pọ̀. Òfin ilé náà fúnra rẹ̀, nípa àlejò, ọtí àti ariwo, lè lé ọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí o ń ṣe dáadáa. Nítorí náà, kí owó ìrìn àjò padà sílé wà ní ibi tí o kò ní fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí o ti dé.

Bí o bá ti pinnu láti gbìyànjú

Ojú ìwé iṣẹ́ Disney fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí o ti kọ fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní kí o sanwó sí àpò òun lórí WhatsApp kí òun lè bá ọ gba iṣẹ́, olè ni. Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù, wọ́n lè fi ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, wọ́n sì lè pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Múra àpẹẹrẹ méjì sílẹ̀: ìgbà tí o tu ẹni tó ń bínú lójú, àti ìgbà tí o ṣe iṣẹ́ kan náà léraléra láìjẹ́ kó bàjẹ́. Èyí wúlò ju sísọ fíìmù tí o fẹ́ràn lọ.

Bí lẹ́tà bá dé, ọjọ́ díẹ̀ lo ní láti dáhùn. Ka iye owó wákàtí, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí yóò parí, kí o sì fi ọjọ́ ìparí wé ọjọ́ ìwọlé ilé ìwé rẹ. Bèèrè bóyá inṣọ́ráǹsì ìlera rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Florida: ti ilé ìwé lè dáwọ́ dúró bí o bá gba ìsinmi, ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà jẹ́ kí ọmọ wà lórí ti òbí títí yóò fi pé ọdún 26. Má sì ṣe dá ilé tí o ń gbé ní ilé ìwé padà títí o ó fi rí ìwé ìsinmi ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti buwọ́ lù.

Bí o bá wá dé ibẹ̀ tí kò sì rí bí o ṣe rò, má kàn sá. Kọ̀wé sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé o ń lọ, dá aṣọ iṣẹ́ àti káàdì wọn padà, kí o sì gba ẹ̀rí pé o dá wọn padà. Ẹni tó bá kàn pòórá lè má rí iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́.