Bí mo ṣe ń yan dókítà orí fóònù fún ìyá mi

Ìsẹ́yìn ni ìyá mi ń gbé, èmi wà ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún wọn kò sì fẹ́ wọkọ̀ mọ́. Orí fóònù la ti ń rí dókítà. Ẹni mẹ́ta la dán wò kí a tó jókòó ti ẹnì kan.

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe fọ́tò. Ẹ gba orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti nọ́mbà fólíò, ìyẹn nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀, tí MDCN, àjọ tó ń fún àwọn dókítà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, fún un, kí ẹ wá a lórí ìkànnì wọn. Ọdọọdún ni dókítà ní Nàìjíríà ń tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà, nítorí náà ti ọdún yìí ni kí ẹ béèrè. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi bá wa rí ní Lọ́ńdọ̀nù, ìkànnì GMC, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ níbẹ̀, ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí inú bá bí sí ìbéèrè yìí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó kàwé gboyè lórí ìtàn náà ń jẹ́ dókítà!

Ìràwọ̀ márùn-ún tí àwọn èèyàn fi ń yin dókítà lórí ayélujára kì í wọ̀ mí lójú. Mo máa ń ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. "Kíá ló kọ oògùn fún mi": wọ́n rò pé ìyìn ni.

Èdè ló wá kàn, ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Dókítà àkọ́kọ́ ò gbọ́ Yorùbá. Ìyá mi ní, "Dókítà, àyà mi ń já." Ọmọ àbúrò mi túmọ̀ ẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba màmá. Dókítà ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkàn wọn tó ń lù kìkì ni wọ́n ń sọ! Ẹni tí a wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní, "Màmá, ṣé tí ẹ bá jókòó náà ni, àbí tí ẹ bá ń rìn?"

Ẹ wo ohun tó bá béèrè kó tó dárúkọ oògùn. Tiwa ní ká kó gbogbo oògùn wọn síwájú kámẹ́rà, tàgbo tàgbo. (Màmá kọ́kọ́ sẹ́ àgbo. Ìgò ẹ̀ wà lẹ́yìn wọn gbangba.) Ó ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ká tó wọn BP wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn. Ibi tí mo tẹ̀ jìn wọnú, kò tètè padà. Ó ní ó lè jẹ́ amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò, ló fà á, ó máa ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn kan wú, àmọ́ òun ò ní yí i padà lórí fóònù láìrí àyẹ̀wò kíndìnrín. Ẹni tó mọ ibi tí fóònù mọ ni kí ẹ mú.

Tí ẹnu bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan ò gbé sókè mọ́, tàbí tí èémí ń há, ẹ má wá dókítà kankan lórí fóònù. Ilé ìwòsàn tààrà ni.

Owó dókítà tiwa fi díẹ̀ ju ti àwọn méjì tó kù lọ. Lọ́jọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló pè láti béèrè èsì àyẹ̀wò. Màmá ti ń pè é ní "ọkọ mi".