Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ẹ̀yìn Àwòrán àti Òjìji Nínú Blender

Òjìji ni ojú fi ń mọ̀ bóyá ohun kan fìdí kalẹ̀ tàbí ó rọ̀ sí òfuurufú. Ènìyàn lè mọ àga kan nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n tí ó ní, kí igi rẹ̀ máa dán, kí ìrísí rẹ̀ sì pé, síbẹ̀ bí òjìji kò bá ṣú níbi tí ẹsẹ̀ àga náà ti kan ilẹ̀, ẹni tí ó ń wò ó kò ní gbà pé ó dúró síbẹ̀. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ parí ẹ̀yìn àwòrán lọ́tọ̀ kí a tó wá òjìji tí a ó fi lé e: ẹ̀yìn àwòrán ni ó ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, òjìji sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ohun kan náà. Blender, sọ́fítíwíà tí a fi ń mọ nǹkan 3D tí a sì fi ń sọ ọ́ di àwòrán, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Orúkọ bọ́tìnì lè yàtọ̀ nínú sọ́fítíwíà mìíràn, ṣùgbọ́n ìṣesí ìmọ́lẹ̀ kò yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Render Properties, kí ẹ sì yan Cycles níwájú Render Engine, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó ń sọ ohun tí a mọ di àwòrán. EEVEE, tí ó tún wà níbẹ̀, yára jù ú lọ, ó sì dára fún fídíò tí kò gbọdọ̀ pẹ́ jù. Àmọ́ Cycles máa ń tọ ipa ìtànṣán bí ó ti ń ta láti ara ohun kan dé ara òmíràn, èyí tí ó ń mú kí òjìji rẹ̀ súnmọ́ ti ojú ayé gan-an. Yàtọ̀ sí èyí, Cycles ni Shadow Catcher, tí a ó lò tí a bá dé orí fọ́tò, ń bá ṣiṣẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ tò ṣáájú. Ohun tí ó ń pinnu bóyá etí òjìji yóò mú tàbí yóò rọra parẹ́ ni bí orísun ìmọ́lẹ̀ ṣe tóbi tó láti ibi tí ohun tí a mọ wà, kì í ṣe bí ó ṣe lágbára tó. Area, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ, tí ó fẹ̀ ní mítà méjì, tí a gbé súnmọ́ àga wa, yóò fún wa ní òjìji tí etí rẹ̀ rọ̀. Bí a bá gbé Area kan náà lọ jìnnà réré, etí òjìji náà yóò mú, nítorí pé láti ibi tí àga wà, ìmọ́lẹ̀ náà ti di kékeré. Bí ẹ bá sì sọ jíjìnnà rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìdá kan péré nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ ni yóò dé ara àga, nítorí náà ẹ ó ní láti sọ Power (agbára ìmọ́lẹ̀) di ìlọ́po mẹ́rin kí ó tó padà sí bí ó ti wà. Ti Sun, ìmọ́lẹ̀ tí ó dúró fún oòrùn, yàtọ̀: ibi tí ẹ gbé e sí kò já mọ́ nǹkan kan, ìhà tí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ni ó ṣe pàtàkì. Angle ni ó ń ṣàkóso etí òjìji rẹ̀. Oòrùn gidi fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì dígírì lójú ọ̀run, ẹ lè fi Angle sí iye yẹn fún ojú ọjọ́ tí ó mọ́ kedere, kí ẹ sì gbé e ga tí ẹ bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí kùrukùru díẹ̀ ti bò.

Fún àwòrán ohun kan ṣoṣo tí kò nílò ìran lẹ́yìn, aṣọ ẹ̀yìn bíi ti ilé ayàwòrán ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ tẹ Shift àti A, kí ẹ yan Mesh, kí ẹ sì mú Plane. Ẹ fi S mú un tóbi, ẹ tẹ Tab, ẹ tẹ 2, kí ẹ yan etí tí ó wà lẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ E àti Z láti fà á dìde gẹ́gẹ́ bí ògiri. Ẹ wá yan ìlà tí ilẹ̀ àti ògiri ti pàdé, ẹ tẹ Ctrl àti B, kí ẹ sì yí róólà máósì títí tí ìtẹ̀ náà yóò fi dán, kí ẹ tó padà jáde láti yan Shade Smooth. Nígbà náà, ojú kò ní rí ìlà kankan níbi tí ilẹ̀ ti di ògiri. Ẹ gbé ohun tí ẹ mọ síwájú dáadáa kí òjìji rẹ̀ lè parí sórí ilẹ̀. Òjìji tí ó bá gun ògiri máa ń fi hàn pé àyè ibẹ̀ há.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti àyíká gidi, HDRI ni ẹ ó lò, ìyẹn àwòrán àyíká yípo tí ó pa agbára ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sí World Properties, ẹ tẹ àmì róbótó tí ó wà níwájú Color, ẹ yan Environment Texture, kí ẹ sì ṣí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .hdr tàbí .exr. Poly Haven ń fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ má fi JPEG lásán rọ́pò rẹ̀, nítorí pé JPEG máa ń gé ìmọ́lẹ̀ oòrùn kúrò ní ibi tí funfun parí sí, oòrùn inú rẹ̀ kò sì ní lágbára tó láti ta òjìji. Láti yí oòrùn HDRI sí ìhà tí ẹ fẹ́, ẹ tan Node Wrangler nínú Add-ons (àwọn àfikún Blender), ẹ yan Environment Texture nínú Shader Editor lábẹ́ World, ẹ tẹ Ctrl àti T, kí ẹ sì máa yí Rotation Z lára Mapping.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. HDRI tí wọ́n ń pè ní 8K ní píksẹ́lì 8192 yípo dígírì 360, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì 50 mm tí Blender máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kò rí ju nǹkan bí dígírì 40 lọ. Píksẹ́lì bí 900 péré ni yóò wà lẹ́yìn àwòrán tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1920, ìyẹn ni ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe máa ń ṣe bàìbàì. Ó sàn kí HDRI máa tan ìmọ́lẹ̀ lásán, kí kámẹ́rà sì rí nǹkan mìíràn. Nínú Shader Editor kan náà, ẹ mú àpótí Background méjì wọ Mix Shader tí ó ń da wọ́n pọ̀, kí ti HDRI wà lókè, kí ti àwọ̀ tí ẹ fẹ́ wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì so Is Camera Ray láti ara Light Path mọ́ Fac. Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ nìkan bá ni iṣẹ́ rẹ̀, HDRI 2K ti tó.

Tí fọ́tò bá ni ẹ̀yìn àwòrán, iṣẹ́ náà gba ìfarabalẹ̀ jù lọ. Ẹ tan Transparent lábẹ́ Film, ẹ tẹ́ Plane sábẹ́ ohun tí ẹ mọ, kí ẹ sì tan Shadow Catcher fún un lábẹ́ Visibility nínú Object Properties. Òjìji nìkan ni yóò kù lára Plane náà. Ẹ wá wo fọ́tò náà dáadáa. Ẹ wá ohun kan tí ó dúró ṣánṣán nínú rẹ̀, kí ẹ fi gíga rẹ̀ wé gígùn òjìji rẹ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba, oòrùn wà ní dígírì 45. Bí òjìji bá gùn ní ìlọ́po méjì, ó wà ní nǹkan bí dígírì 27. Sun inú Blender máa ń kọjú sí ìsàlẹ̀ tààrà ní òdo, nítorí náà ẹ yọ iye yẹn kúrò nínú 90, kí ẹ sì kọ èyí tí ó kù sí Rotation X, ìyẹn 63 fún àpẹẹrẹ kejì, kí ẹ tó fi Rotation Z yí i sí ìhà tí òjìji inú fọ́tò kọjú sí. Ẹ rántí pé Background Images tí ẹ fi sí kámẹ́rà wà fún títò nìkan, kì í jáde nínú àwòrán ìkẹyìn; Alpha Over nínú Compositor, ibi tí a ti ń to àwòrán lé ara wọn, ni yóò da fọ́tò àti ohun tí ẹ mọ pọ̀.

Láti Blender 4.0 ní ọdún 2023, AgX ni View Transform (ọ̀nà tí a ń gbà sọ ìmọ́lẹ̀ di àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà) tí sọ́fítíwíà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì máa ń sọ ẹ̀yìn tí a fi funfun sí di eérú díẹ̀. Ẹ lè yí i sí Standard bí àwọ̀ bá gbọ́dọ̀ jáde gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe yàn án, àmọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù yóò funfun ní àfunfunjù.

Kí ẹ tó fi àwòrán ìkẹyìn sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ 1 lára Numpad láti wo ohun tí ẹ mọ láti iwájú, kí ẹ sì sún mọ́ ìdí rẹ̀. Bí àlàfo bá wà láàárín òun àti ilẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ìmọ́lẹ̀ yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀.