Kí Ẹ Tó Gbé Iṣẹ́ Ọnà Lọ Sọ́dọ̀ Oníférémù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kan férémù. Ti ìyá rẹ̀ àgbà ni, aró ara rẹ̀ ṣì dúdú minimini. Oníférémù kan ti kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páákó pẹlẹbẹ, gọ́ọ̀mù náà sì ti la aṣọ kọjá, ó pọ́n bí àbààwọ́n epo níbi mẹ́rin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bó o." Mo fi eékánná gbé igun kan díẹ̀, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Èkíní, ìwọ̀n. Ẹ má fi ìwọ̀n ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ gbé iṣẹ́ náà wá. Ẹnìkan ní ínṣì 24 sí 18 ni tòun. Mo gé igi. Ìgbà tó gbé e dé ni mo rí i pé ojú àwòrán nìkan ló wọ̀n, kò wọn etí bébà. Igi tí mo fowó rà di igi ìdáná.

Ìkejì, férémù ọjà. Wọ́n á ra èyí tó ti wà nílẹ̀ torí ó pọ́ọ́kú, wọ́n á wá ní, "Ẹ bá mi gé etí àwòrán yìí kó lè wọlé." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Tó bá jẹ́ àwòrán títẹ̀ ni, irú iṣẹ́ tí Bruce Onobrakpeya, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, fi gbayì, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Lápá òsì, ẹ sábà máa ń rí nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ, bíi 12/50, ìyẹn ni pé ìkejìlá ni nínú 50 tí wọ́n tẹ̀. Lápá ọ̀tún, orúkọ ẹni tó ṣe é. Etí funfun tí ẹ fẹ́ gé dànù yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí! Ẹni tó bá gé e ti gé ẹ̀rí iṣẹ́ náà, owó tó wà lórí rẹ̀ á sì já wálẹ̀.

Ìkẹta, gíláàsì tó fara kan bébà. Nígbà òjò l'Ékòó, omi máa ń dà lẹ́yìn gíláàsì. Bébà á mu ún, á bu, ọ̀dà á sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ ní kí wọ́n fi páálí tí a dá ojú sí láàárín yí àwòrán ká, kí àlàfo lè wà. Páálí tí kò ní ásíìdì ni kẹ́ ẹ béèrè fún, torí páálí lásán á sọ etí bébà di pupa rúsúrúsú láàárín ọdún díẹ̀.

Kánfáàsì, ìyẹn aṣọ líle tí wọ́n ń ya àwòrán sí, tí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró kùn kò nílò gíláàsì.

Igi tí kò gbẹ á ká, igun férémù á sì là.

Ẹ tún dẹ́kun kíkó owó ńlá lé férémù aláwọ̀ wúrà, oníke lásán, kẹ́ ẹ wá máa ná owó páálí inú rẹ̀ bí ẹni ń ná tòmátò. Páálí yẹn ló ń fara kan iṣẹ́ ọnà yín, kì í ṣe wúrà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí gọ́ọ̀mù. Àwọn oníbàárà gan-an ló máa ń ní ká lẹ̀ ẹ́. "Bébà náà ń hunjọ, ẹ jẹ́ kó tẹ́." Bébà ń mí! Nígbà ọyẹ́ á sún kì, nígbà òjò á fẹ̀. Tí ẹ bá lẹ gbogbo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ibì kan á wú, ibì kan á ya. Èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Mushin, mo da gọ́ọ̀mù sẹ́yìn àwòrán kan tí wọ́n fi ọ̀dà olómi yà. Omi gọ́ọ̀mù la bébà kọjá, àwọ̀ búlúù ṣàn wọnú yẹ́lò níṣojú mi. Mi ò tíì gbàgbé ojú ẹni tó ni í nígbà tó wá gbé e.

Ohunkóhun tí a bá ṣe sí iṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ ṣeé tú. Bébà tín-ínrín ti àwọn ará Japan, ègé méjì péré, ni kí wọ́n fi sítáàṣì àlìkámà tí a sè lẹ̀ mọ́ etí òkè àwòrán náà lẹ́yìn, kí ìyókù máa fì bí aṣọ lórí okùn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, omi díẹ̀ ti tó. Aṣọ ńkọ́? Abẹ́rẹ́ àti òwú ni: kí wọ́n rán an mọ́ aṣọ òwú mìíràn tí a nà sórí páálí. Sẹ́lótéépù náà kò dáa. Á pọ́n, á gbẹ, á já, á sì fi àbààwọ́n sílẹ̀.

Mi ò bó àdìrẹ ọmọ yẹn. Mo kan férémù jíjìn yí páákó náà ká, mo fi ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé gíláàsì jìnnà sí aṣọ ní ìdajì ínṣì, mo sì ní kó gbé e kọ́ síbi tí oòrùn kì í dé, torí aró máa ń ṣá. Ó wá gbé e lánàá. Àbààwọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lójú rẹ̀. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu gíláàsì náà, ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n," ó sì gbé e lọ.