Ẹ má da kóòdù kọ nítorí oníbàárà kan

Àwọn tó ń ra kòkó ni mo ń ṣe sọ́fítíwíà fún, láti Ìjàpò níbí ní Àkúrẹ́. Ìwọ̀n, iye owó, orúkọ àgbẹ̀: ohun kan náà ni gbogbo wọn ń kọ sílẹ̀. Àmọ́ bàbá kan ní ìlú Oǹdó fẹ́ máa yọ ìwọ̀n omi kúrò lára kòkó tí kò gbẹ. Ìyá kan sì ń yá àgbẹ̀ lówó kí kòkó tó pọ́n. Ó fẹ́ kí gbèsè máa yọ kúrò nínú owó àgbẹ̀ bí wọ́n bá ti wọn kòkó.

Ẹ má da kóòdù kọ láti ṣe ti bàbá lọ́tọ̀, ti ìyá lọ́tọ̀. Bí àléébù kan bá yọjú, ọ̀pọ̀ ibi lẹ ó ti máa tún un ṣe. Ẹ̀ka tí ẹ yà fún oníbàárà nínú Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àtúnṣe kóòdù), tí kò ní padà sórí main (olórí ẹ̀ka) láéláé, àdàkọ náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó: ṣé nọ́ńbà ló yàtọ̀, àbí iṣẹ́ gan-an? Nọ́ńbà, inú fáìlì sẹ́tíńgì oníbàárà ni kó wà. Omi inú kòkó tó gbẹ dáadáa kì í ju bíi 7 tàbí 8 nínú 100. Bàbá fi tirẹ̀ sí 7. Ẹni tó bá fẹ́ 8, kó fi sí 8.

Gbèsè ìyá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣí àyè kan sílẹ̀ nínú kóòdù gbogbogbò tí gbogbo oníbàárà jọ ń lò, lẹ́yìn ìṣirò owó, ṣáájú rìsíìtì: ẹni tó bá ní ohun tí yóò yọ, kó yọ ọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni plugin gbèsè (ègé kóòdù tí a so mọ́ ti gbogbogbò) ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní tábìlì tirẹ̀ nínú database (ibi tí dátà wà). Tábìlì àgbẹ̀, kó kà á nìkan, kó má yí i padà. Bí ẹ bá rí `if` (“bó bá jẹ́ pé”) tó dárúkọ oníbàárà nínú kóòdù gbogbogbò, ẹ yọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí update tó jáde, mo máa ń fi ẹ̀dà dátà oníbàárà kọ̀ọ̀kan ṣírò rìsíìtì àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá fi kọ́bọ̀ kan yàtọ̀, kò lọ síbì kankan. Ìsọ̀ tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ gbà á. Láti oṣù Kẹwàá sí Kejìlá tí kòkó ń ya wọlé, àtúnṣe àléébù nìkan ni mo ń fi ránṣẹ́. Bí àyè plugin yẹn bá yí padà, nọ́ńbà ẹ̀dà sọ́fítíwíà á kúrò ní 2.6, á di 3.0, kí kálukú mọ̀ pé ó yẹ kí òun yẹ tòun wò.

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá yẹn bi mí pé: "Ṣebí mo ti sanwó ẹ̀?"

"Ẹ ti sanwó kí n ṣe é, mà. Ti ìtọ́jú ló kù, ọdọọdún ni."

Bí oníbàárà mẹ́ta míì bá bèèrè ohun kan náà, màá gbé e sínú ti gbogbogbò, ìyá ò sì ní san owó ìtọ́jú náà mọ́.